Aránwèé àti Ohùn Tíṣà

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ò lè mu omi nílé ẹni tó bá ní ìwé ayédèrú. Mi ò fi ṣe àwàdà o, ìṣojú mi ló ṣẹlẹ̀. A lọ kí aládùúgbò wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n gbé omi síwájú wa, Bọ̀dá na ọwọ́ sí ife, ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí ìwé kan tó wà lórí tábìlì. Ó gbé e, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ewé méjì sì yọ sí i lọ́wọ́. Ó gbé ìwé kalẹ̀, ó gbé ife kalẹ̀ tẹ̀lé e. Ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o, Ọlọ́run á wò ó," ó sì dìde. Àwọn onílé rò pé inú ló ń run ún. Èmi ni mo dúró sẹ́yìn tí mo ń bẹ̀bẹ̀, àfi bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ ẹ.

Aránwèé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé ìwé ló ń rán. Àwọn èèyàn ti gbàgbé pé wọ́n máa ń rán ìwé. Wọ́n rò pé orí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù ló ti ń hù. Kò tíì hu irùngbọ̀n tó fi wọ ilé ìtẹ̀wé kan láti kọ́ṣẹ́. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká ewé, bí wọ́n ṣe ń tò ó, bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ gígùn àti òwú tí wọ́n ti fi ìda oyin pa gún ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n á fi gọ́ọ̀mù kùn ún, tí wọ́n á sì gbé e sábẹ́ irin títí yóò fi gbẹ. Ó dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ó sì rò pé ibẹ̀ lòun máa darúgbó sí.

Ilé ìtẹ̀wé náà ò kú ikú Ọlọ́run. Àwọn tó ń jí ìwé tẹ̀ ló pa á. Bí wọ́n bá ti tẹ ìwé kan jáde, kò ní pẹ́ tí ayédèrú rẹ̀ á fi kún ẹ̀gbẹ́ títì, èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lásán lẹ̀, tí kò ní òwú kankan nínú, tó sì pọ̀ ju ojúlówó lọ. Ọ̀gá wọn ta ẹ̀rọ kan, ó ta èkejì, ó dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró, ó sì dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò dìde nínú rẹ̀ mọ́. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó kú ló fa irin ìtẹ̀ kan àti àpótí abẹ́rẹ́ lé Bọ̀dá lọ́wọ́. Bọ̀dá gba yàrá kan lẹ́bàá ọ̀nà, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, ó gbé tábìlì sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìwé tó ti fàya fún ẹni tó bá gbé e wá. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú rẹ̀, ẹ ṣáà pe ayédèrú létí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti bá a. Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó kó ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ti ya wá pé kó bá òun rán an. Ó padà wá gbà á, ó tún kó òmíràn wá. Nígbà tó yá, àwọn ìwé tó ń kó wá ò ya mọ́ rárá. Èmi ni mo kọ́kọ́ fura. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ara ìwé yìí mà le o. Kí lẹ ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà fún?" Ó fi rúlà gbá mi lórí. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣègbéyàwó.

Ọlọ́run ò fún wọn lọ́mọ. Wọ́n sunkún rẹ̀, wọ́n sì nu ojú. Ọmọ ọlọ́mọ ni Tíṣà ń kọ́ láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, bó bá sì délé, á bọ́ bàtà, á jókòó lórí àga gbọọrọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, á máa kàwé sí i létí bó ṣe ń rán tiẹ̀. Kì í pariwo. Bó bá ń kàwé, ńṣe ni ọ̀rọ̀ máa ń rìn, kì í sáré, kì í sì í wọ́ ẹsẹ̀. Èmi onídìrí tí mi ò fẹ́ràn ìwé rí láyé mi, mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù mi lọ jókòó tì wọ́n, màá ní oúnjẹ ni mo wá jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi yìí kórìíra kí wọ́n gba ohùn òun sílẹ̀. Gbogbo ayé ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù, òun kọ́. Ó máa tẹ̀ ẹ́ ni, tàmì-tàmì, bí ẹni tó ń kọ ọ́ sójú pátákó. Bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́ sí i, ohun tó máa tẹ̀ padà ni pé: "Mo kọ́ ọ ní ìwé kíkọ. Kọ ọ́." Bí wọ́n bá gbé fóònù sókè níbi àpèjẹ láti ya fídíò, á fi ọwọ́ bo ẹnu. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ́nikẹ́ni gba ohùn ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ bó ṣe yẹ, ohun tó sì fà á ni ìwé.

Ọ̀kan lára àwọn ọmọ tó kọ́ nígbà kan dàgbà, ó di òǹkọ̀wé. Ọmọbìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan ni, ó kọ ìtàn kan tó dùn, ìwé náà sì tà. Ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ jáde wá ní àwọn fẹ́ gbé e sórí fóònù, kí ẹni tó fẹ́ kà á kà á, kí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ gbọ́ ọ. Òǹkọ̀wé ní kò burú, ṣùgbọ́n àfi bó bá jẹ́ Tíṣà òun ló máa kà á. Ẹ̀gbọ́n mi ní láéláé. Ọmọ náà wá sílé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Gbogbo ìgbà tí mò ń kọ ọ́, ohùn yín ni mò ń gbọ́." Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí kò ní gbà?

Wọ́n gba yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, arákùnrin kan sì wà níbẹ̀ tó ń darí ẹ̀rọ. Bí Tíṣà bá ti kúrò nílé ìwé, ibẹ̀ ló ń gbà lọ. Á kà, á mu omi gbígbóná, á tún kà. Bọ̀dá ló ń mú un lọ tó ń mú un bọ̀. Ẹ̀yìn gíláàsì ló máa ń jókòó sí, kì í gbọ́ nǹkan kan, ètè rẹ̀ ló kàn ń wò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí, tí èmi náà bá wọn lọ, arákùnrin ẹ̀rọ yẹn ní, "Bàbá, ẹ mú fóònù yín wá, ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo rẹ̀ sí i fún yín. Ẹni yín ló ṣáà kà á."

Bọ̀dá ní, "Ṣé ìwọ lo ni í?"

"Rárá, sà. Ilé-iṣẹ́ ló ni í."

"Ṣé wọ́n ní kó o fún mi?"

"Wọn ò ní mọ̀, sà."

"Olè nìyẹn. Bó bá dé ọjà, màá rà á bí gbogbo èèyàn ṣe ń rà á."

Ẹ̀gbọ́n mi rín ẹ̀rín àrìntàkìtì. Títí tá a fi délé ló ń sọ ọ́: "Ẹ bá mi wo ọkọ mi o! Ó fẹ́ lọ fowó ra ohùn ìyàwó rẹ̀ lọ́jà." Bọ̀dá sì rà á lóòótọ́, lọ́jọ́ tó jáde gan-an. Ó fẹ́ tan án nínú ilé, Tíṣà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Èmi wà níbí, ẹ wá ń gbọ́ mi lórí fóònù. Èwo ni mo sọ tí ẹ ò gbọ́?" Bọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó pa á tì.

Kò pẹ́ sí i ni inú rírun kan tí gbogbo wa fojú kékeré wò bá di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ibẹ̀, kò sì bá wa padà sílé. Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ti sin ẹni tirẹ̀ rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò tíì sin ẹnì kankan, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó tètè mọ̀ ọ́n.

Bọ̀dá ò sunkún lójú èèyàn. Iṣẹ́ ló dojú kọ. Ìwé tí kò ya pàápàá, á tú u, á tún un rán. Mo wá gbé oúnjẹ lọ bá a láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe dé ìta ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi. Abọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti ilẹ̀kùn, mo rí i tó jókòó, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, fóònù wà lórí tábìlì, ó fi ìwé méjì gbé e dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ń kàwé. Kò sáré, kò wọ́ ẹsẹ̀. Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ti pa á lẹ́rìn-ín, arákùnrin ẹ̀rọ ò sì gé ẹ̀rín náà kúrò. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Bọ̀dá ò sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Ó kàn ní, "Dúró díẹ̀, ó ń bọ̀ wá síbi tó dùn."

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láràárọ̀. Á ṣílẹ̀kùn, á gbálẹ̀, á tan Tíṣà, á máa rán ìwé. Bó bá kà á parí, á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wá mọ̀, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ìpín kan yóò fi tán kí wọ́n tó kí i. Bọ̀dá tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn olè ìwé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ní ẹni yìí ò ní bá a lọ.

Àsìkò yẹn ni òǹkọ̀wé wá pẹ̀lú ẹjọ́ tiẹ̀. Òun àti ilé-iṣẹ́ tó tẹ ìwé rẹ̀ ti ń jà. Ó ní àdéhùn tí àwọn jọ ṣe ni pé kí wọ́n máa ta ìwé orí fóònù yẹn ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn nìkan. Wọ́n ti wá fa ìwé náà àti ohùn rẹ̀ lé àwọn ilé-iṣẹ́ míì lọ́wọ́ káàkiri, wọn ò bi òun, wọn ò sì sọ fún òun. Ó ní nígbà tí òun bi wọ́n, wọ́n ní bí èèyàn bá fúnni lẹ́sẹ̀, ó ti fúnni ní bàtà.

Bọ̀dá fò dìde. Mi ò rí irú ìbínú yẹn láti ìgbà tí Tíṣà ti kú. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n jí ọ níwèé ni. Kì í ṣe ẹni tó ń ta á lẹ́bàá títì nìkan ni olè. Pè wọ́n lẹ́jọ́."

Ọmọ náà ní ẹ̀rù ń ba òun, pé wọ́n tóbi ju òun lọ. Bọ̀dá ní, "Bí ìyàwó mi bá wà láàyè, ohun tó máa sọ fún ọ nìyẹn. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n rẹ́ ọ jẹ."

Nígbà tó lọ tán, mo ní, "Bọ̀dá, ṣé kì í ṣe ìwé yẹn náà ló wà lórí fóònù yín?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. Ó ní, "Àbúrò, òǹkọ̀wé bá oníṣòwò jà, ta ló bá èmi jà? Mo ra tèmi. Ìwé téèyàn bá ti rà ti di tiẹ̀. Bí ilé ìtẹ̀wé bá jóná, tèmi wà lórí pẹpẹ mi. Mo ti rán ìwé tí ẹni tó kọ ọ́ ti kú, tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti kú, tí ìwé ò kú."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ẹni tó ti fọwọ́ kan ìwé láti kékeré, kí ni onídìrí fẹ́ kọ́ ọ?

Ẹjọ́ náà ò pẹ́ bí a ṣe rò. Ilé-iṣẹ́ rí i pé àwọn jẹ̀bi, wọ́n ní kí àwọn yanjú rẹ̀ kó tó dójú adájọ́. Lọ́yà òǹkọ̀wé gbọ́n, ó sì le. Ó ní kò tó kí wọ́n tọrọ àforíjì. Kí wọ́n yọ ìwé orí fóònù náà kúrò níbi gbogbo, kí wọ́n sì pa gbogbo ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má tún rí i pín fún ẹlòmíràn mọ́. Òǹkọ̀wé fọwọ́ sí i. Ó pe Bọ̀dá lórí fóònù, ó ní, "Bàbá, a borí o!" Bọ̀dá jó yí tábìlì ká. Èmi náà pàtẹ́wọ́ sí i.

Kò tíì pẹ́ sígbà náà ni Bọ̀dá wọlé tọ̀ mí wá ní ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀. Ìlàjì orí oníbàárà wà lọ́wọ́ mi. Kì í wọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí rí, ó ní ọ̀rọ̀ wa ti pọ̀ jù. Ó dúró sáàárín àwọn obìnrin, ó na fóònù sí mi.

Ó ní, "Àbúrò, Tíṣà ò sọ̀rọ̀ mọ́."

Mo kọ́kọ́ rò pé ọpọlọ rẹ̀ ti fẹ́ yí. Mo gba fóònù. Ibi tí àwòrán ìwé yẹn máa ń wà ti di àpótí aláwọ̀ eérú kan. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní ìwé yìí kò sí mọ́. Mo pa fóònù, mo tún un tàn. Ó ní ìwé yìí kò sí mọ́. Mo fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú ìlàjì orí rẹ̀, a sì lọ.

Obìnrin tó dá wa lóhùn ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tó tẹ ìwé náà kì í ṣe aláìlójú-àánú. Ó fún wa ní àga, ó sì fetí sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Kì í ṣe ìwé gan-an lẹ rà. Àyè láti máa gbọ́ ọ lẹ rà, àyè yẹn ló sì ti parí."

Bọ̀dá ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tí mo rà á?"

"Ó wà níbẹ̀, sà. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ 'mo gbà' sí."

"Mo gbà pé mo fẹ́ gbọ́ ìyàwó mi."

Obìnrin náà wolẹ̀. Bọ̀dá fa àga súnmọ́ ọn, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò bínú. Bí ẹ bá ti yọ ọ́ lọ́jà, ó dára, ẹ̀tọ́ ọmọ yẹn ni. Ẹ bá mi wá tiyín tó wà nínú ẹ̀rọ yín. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kí n máa lọ."

Ó ní, "Wọ́n ti pa á rẹ́, sà. Lọ́yà méjèèjì ló jókòó tì í. Kò kù síbì kankan."

A lọ bá arákùnrin ẹ̀rọ. Ó ti kó kúrò ní yàrá tó ní fóòmù, inú ilé rẹ̀ la bá a. Ó ní ọjọ́ tí òun gbé iṣẹ́ fún wọn ni òun ti pa tòun rẹ́, nítorí bí àdéhùn ṣe wà nìyẹn. Ó wo Bọ̀dá, ó fẹ́ sọ nǹkan, ó gbé e mì. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Bọ̀dá náà mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́: "O fẹ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo sì pè ọ́ lólè." Ó fọwọ́ lé arákùnrin náà léjìká, a sì jáde. Ojú títì ló ti sunkún, lójú gbogbo ayé, ẹni tí kò sunkún níbi ìsìnkú.

Èmi ni mo pe òǹkọ̀wé, n ò sì bá a fi ẹnu dídùn sọ̀rọ̀. Ó sáré wá, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. Ó ní òun ò rò ó débẹ̀ rárá, pé àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn nìkan ló wà lọ́kàn òun, òun ò mọ̀ pé wọ́n máa wọ fóònù ẹni tó ti rà á. Ó ní òun fúnra òun ò ní in lọ́wọ́. Ìwé ni wọ́n dá padà fún òun, wọn ò fún òun ní ohùn.

Bọ̀dá fà á dìde. Ó ní, "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ̀tọ́ rẹ lo gbà. Èmi ni mo ní kó o gbà á, bí o bá sì tún bi mí lónìí, ohun tí màá sọ náà nìyẹn."

Èmi ò lè pa tèmi mọ́ra. Mo ní, "Ẹ̀tọ́ rẹ lo gbà lóòótọ́. O wá gba ohùn ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ọn."

Bọ̀dá ní, "Àbúrò, panu mọ́."

Mo panu mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín: mi ò tíì dárí ji ọmọ yẹn tán, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé kò ṣẹ̀ mí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ṣọ́ọ̀bù Aránwèé dákẹ́. Àwọn èèyàn ń gbé ìwé wá, ó ń gbà á, kò rán an. Ìwé ga lórí ìwé lórí tábìlì. Oúnjẹ tí mo bá gbé lọ láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo máa bá a nírọ̀lẹ́. Mo ń bá a ṣàwàdà, mo ń bú u, mo ń fi ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́. Ó ń dá mi lóhùn dáadáa, ara rẹ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló wá gbójú sókè, ó ní, "Àbúrò, ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé olè?"

Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ló ń tàn mí jẹ. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin?"

Ó ní, "Mo ní ṣé o mọ̀ ọ́n."

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ó wà nísàlẹ̀ ibùdókọ̀, ìsọ̀ kéékèèké ni wọ́n, wọ́n jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ń bá èèyàn kó orin àti fíìmù àti ìwé sórí fóònù. Bọ̀dá fa fìlà wálẹ̀ bo ojú. Bó ṣe ń tẹ̀lé mi, ńṣe ló ń rìn mọ́ ara ògiri bí ẹni tó ń lọ sílé àlè. Ní ọjọ́ mìíràn, mi ò bá ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi parí.

Obìnrin kan ló wà ní ìsọ̀ tí a yà sí, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Mo dárúkọ ìwé náà. Ó ní, "Ó wà. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò níbi gbogbo, wọn ò lè yọ ọ́ lọ́wọ́ wa."

Bọ̀dá di etí tábìlì mú. Ó ní, "Èyí tí wọ́n fi ohùn kà ńkọ́?"

"Òun náà ni, Bàbá."

Mo rí ojú rẹ̀. Mo gbà pé bí wọ́n bá ní kó ru gbogbo ayédèrú inú ayé lórí jáde níbẹ̀, á rù ú. Kò tilẹ̀ bi í ní iye rẹ̀. Ó ní, "Tan án. Jọ̀wọ́, tan án kí n gbọ́."

Obìnrin náà tẹ nǹkan kan. Ohùn kan jáde, ó tín-ín-rín, ó ń sáré, bí ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ gbàgbé ohun tí wọ́n rán an. Ọ̀rọ̀ náà ni, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an. Bọ̀dá dúró dè é pé kó kọjá, kí Tíṣà bẹ̀rẹ̀. Kò kọjá.

Ó ní, "Ta nìyí?"

Obìnrin náà ní, "Ẹni tó kà á náà ni. Ẹ̀rọ àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn máa ń dá ohùn mọ̀, Bàbá. Bó bá ti gbọ́ ọ lórí ayélujára, á yọ ọ́. Àwọn tó ń gbé e síbẹ̀ ló ń fún un pọ̀ báyìí, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á mú un yára, kí ẹ̀rọ má baà dá a mọ̀."

"Èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn ńkọ́?"

"Kò sí. Báyìí ni gbogbo wa ṣe rí i gbà."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa fà á wálẹ̀. Ó gbìyànjú, kì í ṣe ẹni burúkú. Ohùn náà wá nípọn, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, bí ọkùnrin tí òtútù mú. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó di ti ọmọdé. Ó tún fà á wálẹ̀. Gbogbo ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń mí láàárín ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti gé dànù, kó lè yára. Ẹ̀rọ ò dá a mọ̀ lóòótọ́. Ọkọ rẹ̀ náà ò dá a mọ̀.

Síbẹ̀ ó rà á. Ó gbé e lọ sílé, mi ò sì bi í léèrè ohun tó fi ń ṣe.

Mo ń lọ wò ó bí mo ṣe ń ṣe. Mo wá bá a lọ́jọ́ kan tó ń rán ìwé, inú mi dùn. Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo rí i pé ó ti da ojú fóònù bolẹ̀.

Ó ní, "Mo ti pa á rẹ́."

Mo ní, "Ìyẹn náà sàn, Bọ̀dá."

"Kò sàn." Ó fi abẹ́rẹ́ há inú ìwé. "Kí n tó gbọ́ ti olè yẹn, bí mo bá dijú, mo ṣì máa ń gbọ́ Tíṣà díẹ̀díẹ̀. Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ rántí bó ṣe ń sọ̀rọ̀, èyí tín-ín-rín yẹn ló ń dá mi lóhùn. Mo ní kó lọ, kò lọ. Mo fi owó mi rà á, ó sì ti wọlé."

Mo jókòó sórí àga gbọọrọ.

Ó ní, "Àbúrò, ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Inú ilé kan náà lẹ dàgbà sí. Bá mi sọ nǹkan kan bó ṣe máa ń sọ ọ́. Ohunkóhun. Sọ pé 'Ẹ ò ní wá jẹun ni?' bó ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá gbà mí lọ́kàn."

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, mo mọ gbogbo rẹ̀. Mo dijú, mo wá ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé ìyá wa, mo wá a lọ sí kíláàsì, mo wá a dé ìbúsùn ilé ìwòsàn. Mo rí ojú rẹ̀, mo rí ètè rẹ̀ tó ń mì. Ohùn kan dá mi lóhùn nínú orí mi, ó tín-ín-rín, ó sì ń sáré.

Bọ̀dá dúró, ó ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n bu omi fún yín," mo sì dìde.